Kí Àgbà Má Baà Tètè Ṣubú

 Lónìí, ọ̀rọ̀ ara àgbà ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹ kà á jẹ́jẹ́. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ padà sí i, ẹ tún un kà.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì alẹ́ wa ní Ṣágámù. Obì gbànja ni ó ń tà. Ó ti lé ní 70 ọdún kí ó tó mọ A, B, D, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, òun ni ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ìyá yìí jí, ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Iná kò sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó nawọ́ kí ó di ògiri mú, ọwọ́ kò bá ògiri. Egungun ìgbáròkó rẹ̀ ni ó ṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni àyè rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ti ṣófo. Nígbà tí a mú ìwé rẹ̀ lọ bá a nílé, ó gbà á, ó ṣí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ó wò wá lójú, ó ní, “Tíṣà, kí ló dé tí mo fi ṣubú? Láti 40 ọdún ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn kọjá.”

A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. A kàn ní kí ó pẹ̀lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa, òun ni a sì fẹ́ dáhùn níhìn-ín.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Lónìí, ìṣubú gan-an ni a ní lọ́kàn, èyí tí ń ṣẹ́ egungun. Bí a bá wo ẹ̀yìn dáadáa, a óò rí i pé kì í ṣe ìdájí ọjọ́ yẹn ni ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Ó ti ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ohun 3 ni ó ń sọ fún ọpọlọ bí ara ti dúró. Ojú ni ìkíní. Ìkejì wà nínú ihò etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Omi díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó máa ń mì bí a bá ti yí orí, ìyẹn ni ọpọlọ fi ń mọ̀ bóyá a nàró tàbí a ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìkẹta ni àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé wa. Àwọn ni ó ń ránṣẹ́ pé ilẹ̀ yìí le, ilẹ̀ yìí rọ̀, ilẹ̀ yìí ń yọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ọpọlọ ti kó iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì ti pàṣẹ fún ẹran itan àti ti ẹsẹ̀ pé kí wọ́n fà, kí wọ́n mú ara dúró.

Bí a ti ń dàgbà, ojú a máa ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ inú etí a dín kù. Ẹsẹ̀ àwọn mìíràn a máa kú, pàápàá ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹran ara pẹ̀lú ń joro, bí a kò bá sì lò ó, kíákíá ni ó ń joro. Ọpọlọ á pàṣẹ, ẹsẹ̀ á pẹ́ kí ó tó jẹ́ ẹ. Ní ìdájí tí ilẹ̀ ṣókùnkùn, ojú kò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Ó ku etí àti ẹsẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá sì ti rẹ̀, ta ni yóò mú ènìyàn dúró?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2021 pé àwọn tí ìṣubú ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé tó 684,000, àti pé àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe egungun tí ó ṣẹ́ nìkan ni ó ń pa wọ́n. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ a máa dá egbò sí ẹ̀yìn, a máa mú àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ kú lè máà lè dá rìn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń gbé ní Rẹ́mọ níhìn-ín. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán a ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, a ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, a tún dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé kejì. Àyà á kan ilẹ̀, ọwọ́ á ti ara sókè, a ó sì dìde. Àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, wọn á dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ gbígbá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú, àwo fífọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, omi pípọn. Orí ẹní ni a ń sùn, láti ilẹ̀ gan-an ni a ti ń dìde. Àìmọye ìgbà ni ara ń lọ sílẹ̀ tí ó ń padà sókè lóòjọ́, kò sí ẹni tí ń ka iye rẹ̀.

Ìgbà tí ewú bá dé ńkọ́? Àwọn ọmọ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún wa. A jókòó sórí àga. Bí ohun kan bá bọ́ sílẹ̀, a pe ọmọ kí ó wá mú un. Wọ́n ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún wa, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá sí iwájú wa. Ọlá ni. A kò ní kí ẹ kọ ọlá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a kò ti lọ sílẹ̀ mọ́ ni ara ti ń gbàgbé bí a ti ń dìde. Ẹni tí ó bá rò pé irọ́ ni, kí ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ lónìí, kí ó sì dìde láìdi ohunkóhun mú. Kí ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó ṣe é, kí àwọn ọmọ má baà rẹ́rìn-ín!

Ti àwọn ìyá olóbì wa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí àpótí ni wọ́n wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bó obì, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn oníbàárà Sábó. Ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Ẹ̀yìn wọn tẹ̀ bí ọrun, orúnkún wọn kò sì nà fún wákàtí púpọ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ ni àwọn ń ṣe, kí ni àwọn tún ń wá ìdárayá sí? A ń dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ tí ń tẹ ara sí ọ̀nà kan ṣoṣo kì í ṣe ìdárayá.

Àwa tìkára wa kò mọ̀wà hù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a máa ń kó àwọn ọmọ jáde láàárọ̀ pé kí wọ́n na apá, kí wọ́n fò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Àwa ńkọ́? A dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, a mú pàṣán lọ́wọ́. Ẹni tí ó fẹ́ mọ irú ọ̀gá tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè nípa Tai Solarin ní Ìkẹ́nnẹ́. Ní 1956 ni ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ ara wọn roko bí wọ́n ti ń kàwé. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, ṣòkòtò péńpé ni ó ń wọ̀ kiri. Kò rò pé àgbà ti kọjá ẹni tí ń fi ara ṣiṣẹ́. Ní 1994 ni ó kú.

Ó wà ní ilẹ̀ Íńdíà ìdárayá kan tí ó bá ọ̀ràn àwa àgbà mu gan-an. Yógà ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti wà láti ayébáyé. Nínú èdè àtijọ́ ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí jọ mọ́ àjàgà, igi tí a fi ń so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ fa ẹrù kan. Ohun tí wọ́n ń so pọ̀ nínú yógà ni ara àti èémí. Bí ara bá ti ń nà, èémí ń bá a lọ. Kò sí sísáré, kò sí fífò, kò sí pé ẹnì kan ń bá ẹnì kan díje.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù ni B. K. S. Iyengar. Ní 1918 ni wọ́n bí i, ọdún tí àrùn tí àwọn bàbá wa ń pè ní lùkúlùkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé. Ọmọ olókùnrùn ni. Ibà ṣe é, ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe é. Yógà ni ó fi gbé ara rẹ̀ ró, ó sì gbé ayé títí di 2014, nígbà tí ó pé ọmọ 95 ọdún. Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ ọkùnrin yìí ni pé kò sọ fún aláìlera pé kí ó lọ jókòó. Ó ń fún un ní àga, okùn, ìrọ̀rí àti pákó kí ó fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 yìí kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún yógà lọ́dọọdún.

Ẹ gbé àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì. Ẹ má lo àga rọ́bà, ó fúyẹ́, ó ń yọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ jókòó sí iwájú àga díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí wọlé, kí ẹ máa kà á nínú ọkàn yín dé 4. Ikùn yóò wú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èémí náà jáde jẹ́jẹ́, kí ẹ kà á dé 6. Ẹ má sé èémí mọ́nú. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ìṣẹ́jú 5, ẹ óò rí i pé àyà tí ń lù kìkì ti rọlẹ̀. Ìmí tí ó bá ń jáde pẹ́ ni ó ń sọ fún ọkàn pé kí ó fara balẹ̀. Àwọn tí oorun kì í kùn dáadáa lè ṣe é kí wọ́n tó sùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ṣẹ́ lára ológbò. Bí ológbò bá jí, kò ní sáré dìde. Á kọ́kọ́ na ẹ̀yìn, á tún gbé e sókè. Ẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún. Bí ẹ bá ti ń fa èémí wọlé, ẹ ti àyà síwájú, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀. Bí ó bá ti ń jáde, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì rẹ orí wálẹ̀. Ìgbà 5 tó. Èyí ni ti ẹ̀yin olóbì. Ẹ lè ṣe é lórí àpótí yín lọ́jà láìjẹ́ pé oníbàárà mọ̀. Nípa ẹ̀yìn tí ó ti ń ro ènìyàn tipẹ́, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn ní 2017 pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ìdárayá àti irú nǹkan bíi yógà kí wọ́n tó ronú kan oògùn.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, bí ó tilẹ̀ dà bí eré ọmọdé. Ẹ dìde lórí àga, ẹ tún jókòó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ dìde bí ẹ ti ń mí síta. Ẹ rọra jókòó, ẹ má ju ìdí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é láìfọwọ́ ti àga, kí ó fọwọ́ tì í. Bí 3 ni ó bá lè ṣe lónìí, kí ó dúró síbẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹran itan tí ń gbé wa dìde lórí àga ni ó ń gbé wa dìde ní ilé ìyàgbẹ́, òun náà ni ó ń dì wá mú bí ẹsẹ̀ bá yọ̀.

Èyí tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní Igi ni a ó fi kún un. Ẹ dúró lẹ́bàá àga, ẹ fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ẹ tẹjú mọ́ ohun kan tí kò mì, bí ìṣó ara ògiri. Ẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan ti ọrùn ẹsẹ̀ kejì, ẹ kà dé 10, kí ẹ tó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Bí ó bá le jù, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ṣì kan ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn dókítà ní kí ènìyàn 1,702, láti ọmọ 51 ọdún dé 75, dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹni 1 nínú 5 kò lè ṣe é. Wọ́n ń ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún 7. Ìwádìí náà jáde ní 2022: nínú 100 àwọn tí ó lè dúró, nǹkan bí 5 ni ó kú, nínú 100 àwọn tí kò lè dúró, wọ́n lé ní 17. Kì í ṣe àìlèdúró lẹ́sẹ̀ kan ni ó pa wọ́n o. Púpọ̀ nínú wọn ti ní àìsàn lára tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń sọ ohun tí ara ń fi pamọ́.

Nígbà tí oṣù mélòó kan bá kọjá tí ara ti ń gbọ́, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ẹ di àga mú, ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ẹ fi èkejì kún un, kí ẹ wá rọra fàyà balẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ẹ gbé àyà sókè díẹ̀. Àwọn ará Íńdíà ń pe èyí ní Ejò. Àwa mọ̀ ọ́n sí ìdọ̀bálẹ̀! Kí ẹnì kan wà nítòsí ní ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn kan nínú kíláàsì ti bi wá bóyá kì í ṣe òrìṣà ilẹ̀ Íńdíà ni a fẹ́ fi mọ̀ wọ́n. Ìbéèrè gidi ni. Láti inú ẹ̀sìn ni yógà ti jáde lóòótọ́, àwọn mìíràn sì ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà bí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2008, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà aáfà ní Malaysia kìlọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí nípa yógà tí ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Olórí ìjọba wọn sì wí pé ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ kankan, tí ara nìkan ni ó ń nà, lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ara nínà, èémí mímí àti ìdúró ni gbogbo ohun tí a kọ síbí. Ẹni tí orúkọ náà kò bá dùn mọ́, kí ó pè é ní ìdárayá àgbà. Mùsùlùmí tí ó sì ń kírun ní ìgbà 5 lójúmọ́, tí ó ń tẹ̀, tí ó ń forí kanlẹ̀ tí ó sì ń dìde, ti ní apá kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ wà. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ju oògùn rẹ̀ nù. Mímí jẹ́jẹ́ lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn. Oògùn náà tún lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá yára dìde, nítorí náà kí ó rọra. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ga, irú èyí tí ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀ láìro, kò gbọdọ̀ dorí kodò tàbí kí ó gbé orí sísàlẹ̀ ju àyà lọ. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti ń fúyẹ́, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ipá tẹ̀ síwájú. Bí àyà bá ń dunni, ẹ dúró, ẹ lọ bá dókítà. Fífà tí ara ń fà kò burú. Oró ni kò dára. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn wà ní ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣágámù. Ẹni tí ó bá ti ṣubú rí, ọ̀dọ̀ irú wọn ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Yógà nìkan kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí ẹni tí ó ti pé 65 ọdún máa fi ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán rìn tàbí kí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ 3 ṣe èyí tí ń mú ẹsẹ̀ le, tí kì í jẹ́ kí ó ṣubú. Ẹ tún wo ilé yín: iná tọ́ọ̀ṣì lẹ́bàá ibùsùn, igi tàbí irin tí ọwọ́ lè dì mú lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ewédò tí ó wà lórí sìmẹ́ńtì kí ẹ ní kí wọ́n họ ọ́ kúrò.

Ní kíláàsì wa, a ti ń fi ìṣẹ́jú 15 ṣe ìdárayá yìí kí a tó ṣí ìwé. Àwa náà ń ṣe é báyìí, a ti gbé pàṣán sílẹ̀. A padà lọ kí ìyá olóbì wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ti ní kí ó máa dìde lórí àga kí ó sì máa jókòó, kí ó di tábìlì mú. Ó fi ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ hàn wá. Kò kọ A, B, D síbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ni ó kọ sí apá òsì, iye ìgbà tí ó dìde sì wà ní apá ọ̀tún. 1 ni ó wà lókè pátápátá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a dé ibẹ̀, 7 ni ó kọ.